Fèrè Tí Ohùn Rẹ̀ Kò Ju Márùn-ún Lọ

Nínú ẹgbẹ́ tó ń fi ìlù àti fèrè idẹ yan, ìgbà kan máa ń dé tí gbogbo wọn á rọlẹ̀, tí ẹnì kan ṣoṣo á gbé fèrè sẹ́nu. Ó lè jẹ́ ìṣẹ́jú kan, ó sì lè má tó bẹ́ẹ̀. Àwọn yòókù dúró lórí ìlà, ìlù ń dún wọ́ọ́rọ́ nísàlẹ̀, gbogbo ojú sì wà lára ẹni tó dá jáde náà. Tí ìdíje bá ti parí, tí ọdún ti gorí ọdún, tí a ò rántí ẹgbẹ́ tó gba ipò kìíní mọ́, a ṣì máa ń rántí ẹni yẹn. Kí ló dé tí afọnfèrè kan fi ń wà lọ́kàn wa, tí òmíràn tí ọwọ́ rẹ̀ yá jù ú lọ sì pòórá? Ohun tó wọ́pọ̀ lẹ́nu àwọn olólùfẹ́ fèrè ni pé ẹni tó bá lè gun ohùn òkè lala, tí ìka rẹ̀ yá, tí èémí rẹ̀ gùn, òun ni ọ̀gá. N kò gbà bẹ́ẹ̀. Èrò tèmi ni pé fèrè tí ohùn rẹ̀ kò pọ̀ ló ń bí afọnfèrè tí a kì í gbàgbé. Bí ohun tí fèrè lè dá ṣe bá ṣe ń pọ̀ sí i ni ẹni tó ń fọn ún ṣe ń rí ibi sá pamọ́ sí.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ara irinṣẹ́ náà. Búgù jẹ́ ọ̀pá bàbà tí wọ́n ká po, tí ẹnu rẹ̀ là gbàgà, tí wọ́n fi idẹ gbá etí ẹnu náà. Kò ní ihò tí ìka ń dí bíi ti fèrè oparun. Kò ní fáàfù, ìyẹn bọ́tìnì mẹ́ta tí ìka ń tẹ̀ lórí tùm̀pẹ́tì. Ètè àti èémí nìkan ló ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Bí ètè bá dẹ̀, ohùn ìsàlẹ̀ á jáde. Bí ètè bá le, ohùn á bọ́ sókè. Kì í rìn gòkè, ńṣe ló ń fò, torí pé ọ̀pá tí gígùn rẹ̀ kò yí padà kò lè gbé ohun tó wà láàárín ohùn kan àti èkejì jáde. Nínú ìpè àwọn ológun, márùn-ún péré ni wọ́n sábà ń lò: do, so, do òkè, mi, so òkè. Márùn-ún yìí ni wọ́n fi ń jí sójà lójú oorun, òun ni wọ́n fi ń pè é wá jẹun, òun náà ni wọ́n fi ń sin òkú rẹ̀.

Ẹ wo ọmọ tó ń fọn búgù láàárọ̀ ọyẹ́. Kó tó fọn ohunkóhun, ó máa ń fẹ́ atẹ́gùn ẹnu lásán sínú ọ̀pá náà lẹ́ẹ̀mẹ́ta, lẹ́ẹ̀mẹ́rin, láì jẹ́ kó dún, nítorí bàbà tó tutù máa ń fa ohùn wálẹ̀. Á fi ahọ́n la ètè, torí ètè tí ọyẹ́ ti la kò lè gbọ̀n dọ́gba. Á wá gbé e sẹ́nu. Bí ó bá ṣi ètè fún nǹkan tí kò tó ìbú irun orí, ohùn tó fẹ́ kò ní jáde. Aládùúgbò rẹ̀ ni yóò jáde, tàbí kó já lulẹ̀ pátápátá. Kò sí ìka tó lè gbà á sílẹ̀. Gbogbo àwọn tó dúró ló sì gbọ́ ọ. Ẹni tó bá ti gba inú ìyẹn kọjá ní ọmọ ọdún mẹ́tàlá ti mọ ohun kan nípa àdádúró tí ọ̀pọ̀ ọ̀jọ̀gbọ́n tùm̀pẹ́tì kò mọ̀.

Ọ̀nà méjì ni irú fèrè yìí gbà dé ọ̀dọ̀ wa. Ní ìhà ilẹ̀ tí Gẹ̀ẹ́sì ti ṣèjọba, ẹgbẹ́ Boys' Brigade ló gbé e wọ inú ìjọ. William Alexander Smith ló dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀ ní Glasgow ní ọjọ́ 4 oṣù kẹwàá ọdún 1883, ó sì dé Nàìjíríà ní 1908. Láti ìgbà náà, ọ̀pọ̀ ọmọ ìjọ ń wo búgù gẹ́gẹ́ bí ohun ìsìn ju ohun ogun lọ. Ní ìhà ti Faransé, clairon ni orúkọ rẹ̀. Àwọn ọmọ ogun ló gbé e wọ Dahomey, tó ń jẹ́ Benin lónìí; lẹ́yìn òmìnira ọjọ́ 1 oṣù kẹjọ ọdún 1960, ó kù sí bárékè àti ojúde ayẹyẹ. Ẹ wo Towé ní Benin: ó wà lábẹ́ kọ́múùnù Pobè, ní ẹkùn Plateau, Sakété wà ní gúúsù rẹ̀, ààlà Nàìjíríà kò sì jìnnà sí ibẹ̀ rárá. Ará ibẹ̀ lè gbọ́ clairon láti ìhà Àjàṣẹ́, kó sì gbọ́ búgù àwọn ọmọ Brigade láti òdìkejì ààlà, kó mọ̀ pé fèrè kan náà ni. Ìjọba méjì ló pín in, fèrè náà kò pín.

Ibí ni ọ̀rọ̀ ti ń dùn mọ́ mi jù. Ẹni tó bá kọ́ Yorùbá nínú ìwé mọ̀ pé do, re, mi ni olùkọ́ fi ń kọ́ni ní ohùn ọ̀rọ̀: do fún ìsàlẹ̀, re fún àárín, mi fún òkè. Búgù kò ní re. Ṣé kò lè sọ Yorùbá nìyẹn? Ó lè sọ ọ́ dáadáa, bí ẹni tó ń fọn ún bá mọ ibi tó yẹ kó gbà. So ìsàlẹ̀ á dúró fún ohùn ìsàlẹ̀, do òkè á dúró fún àárín, mi á dúró fún òkè. Ẹ gbé "ẹ káàbọ̀" lé e: do, mi, so, so. "Ẹ kú àtijọ́" á jẹ́ do, mi, so, do, mi. "Ó dàárọ̀" á jẹ́ mi, so, mi, so. Àlàfo tó wà láàárín so àti do fẹ̀ ju ti ọ̀rọ̀ ẹnu lọ, ṣùgbọ́n etí Yorùbá kì í fi rúlà wọn àlàfo; ohun tó ń ṣọ́ ni èwo ló ga ju èwo lọ. Bí ètò gíga àti ìsàlẹ̀ bá ti tọ̀nà, tí ìgbà tí ohùn kọ̀ọ̀kan bọ́ sí tún tọ̀nà, olùgbọ́ á parí ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀.

Ohun tí búgù kò lè ṣe ni kó yọ́ láti ohùn kan bọ́ sí òmíràn. Onídùndún ní ọṣán. Ó lè fà á kí ohùn gòkè díẹ̀díẹ̀, ó lè dẹ̀ ẹ́ kí ohùn yọ̀ wálẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe ń sọ ọ̀rọ̀ tí fáwẹ́lì méjì ti pàdé. Afọnbúgù kò ní ọṣán. Àsìkò ló ní. Ó gbọ́dọ̀ mọ ibi tí yóò ti dánu dúró, ibi tí yóò ti sáré, ibi tí yóò ti jẹ́ kí ohùn kan gùn kọjá bó ṣe yẹ. Gbogbo ohun tí onídùndún ń fi ọwọ́ òsì ṣe, ìdánudúró ni afọnbúgù fi ń ṣe é. Nígbà tí mo bá sọ pé fèrè tó kéré lóhùn ń fi ènìyàn hàn, èyí gan-an ni mo ń sọ: a ti gba ohun èlò kúrò lọ́wọ́ rẹ̀, a wá fi ìpinnu nìkan sílẹ̀ fún un.

Àwọn baba wa mọ èyí kí búgù tó dé. Kàkàkí tí wọ́n ń fọn fún ọba ní ilẹ̀ Haúsá àti ní Ìlọrin lè gùn ju ènìyàn méjì lọ, ohùn tí wọ́n ń lò nínú rẹ̀ kò sì ju méjì tàbí mẹ́ta lọ. Ní Nikki, ní àríwá Benin, fèrè gígùn kan náà ló ń jáde nígbà ọdún Gaani, tí àwọn ẹlẹ́ṣin Bàrìbá á yí ọba wọn ká. Ẹnikẹ́ni kì í dúró níbẹ̀ kó máa kígbe pé ohùn fèrè yìí kò pọ̀ tó. Oríkì ni wọ́n ń gbọ́.

Ṣùgbọ́n ìdíje ló gbé ọ̀rọ̀ ẹni tó ń dá fọn yìí débi tí a ti lè fi ojú lámèyítọ́ wò ó, ibi tí ìdíje náà sì ti gbilẹ̀ jù ni Amẹ́ríkà. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kìíní, ẹgbẹ́ àwọn ológun tó ti fẹ̀yìn tì, American Legion àti Veterans of Foreign Wars, ló ń ṣe onígbọ̀wọ́ ẹgbẹ́ ìlù àti búgù káàkiri ìlú, wọ́n sì ń kó wọn jọ láti díje. Ní 1972, àjọ tuntun tó ń jẹ́ Drum Corps International ṣe ìdíje àṣekágbá rẹ̀ àkọ́kọ́ ní Whitewater, ní ìpínlẹ̀ Wisconsin, Anaheim Kingsmen ló sì gbà á. Ọ̀dọ́ ni gbogbo àwọn tó wà nínú ẹgbẹ́ wọ̀nyí. Ọjọ́ orí wọn ní òpin. Orí pápá bọ́ọ̀lù ni wọ́n ti ń yan, tí wọ́n ń ya òbìrìkítí àti ìlà, tí wọ́n sì ń fọn lẹ́ẹ̀kan náà.

Ohun méjì nínú òfin ìdíje àkọ́kọ́ wọn ló kàn mí. Èkíní ni pé búgù ni wọ́n gbọ́dọ̀ lò, búgù tó wà lórí kíì G, tí ohun tí ìka lè ṣe lórí rẹ̀ kò tó nǹkan. Písítọ̀nì kan àti rótọ̀ kan ni ó wà lórí rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ní 1977 ni wọ́n gba fáàfù méjì láàyè, ní 1990 wọ́n gba mẹ́ta, ní 2000 ni wọ́n wá ní kí ẹgbẹ́ máa lo fèrè idẹ lórí kíì èyíkéyìí tó bá wù wọ́n. Èkejì ni bí wọ́n ṣe ń dájọ́. Títí di 1984 tí wọ́n pa á tì, adájọ́ á máa rìn láàárín àwọn ọmọ ẹgbẹ́ lórí pápá, pẹ̀lú páálí àti bírò lọ́wọ́, àṣìṣe kọ̀ọ̀kan tó bá gbọ́ á gba ìdámẹ́wàá máàkì kan kúrò lọ́rùn gbogbo ẹgbẹ́. Ẹ ro ohun tí èyí jẹ́ fún ẹni tó dá jáde. Nígbà tí àádọ́ta ènìyàn bá ń fọn pọ̀, àṣìṣe ẹnì kan lè rì sínú ti àwọn yòókù. Nígbà tí ẹnì kan ṣoṣo bá ń fọn, adájọ́ lè wá dúró sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kó tẹ́tí. Olùkọ́ tó bá fẹ́ máàkì kò ní fi ẹnikẹ́ni síta láìjẹ́ pé ohun tí ẹni náà yóò mú wá wúwo ju ewu rẹ̀ lọ. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó jáde ní àkókò náà fi jáde gidi.

Orúkọ méjì tí àwọn tó mọ ìdíje yìí kì í fi sílẹ̀ ni Bonnie Ott àti Barbara Maroney. Ott wà nínú Blue Devils ti Concord, ní California, ní àwọn ọdún 1970, nígbà tí ẹgbẹ́ náà bẹ̀rẹ̀ sí gba ife-ẹ̀yẹ, ní 1976, ní 1977, ní 1979. Maroney wà nínú Garfield Cadets ti New Jersey ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, ẹgbẹ́ tó gba ife náà lẹ́ẹ̀mẹ́ta tẹ̀léra, 1983, 1984, 1985. Obìnrin ni àwọn méjèèjì, nínú iṣẹ́ tó ti ọwọ́ ológun wá, ní àsìkò tí àwọn ẹgbẹ́ kan kò tíì gba obìnrin rárá. Èyí ṣe pàtàkì, ṣùgbọ́n kò tó láti ṣàlàyé ìdí tí a fi ń rántí wọn. Ohun tí mo fẹ́ kí a kíyè sí ni fèrè tí wọ́n fọn. Mellophone ni. Kì í ṣe soprano tó ń gun òkè. Mellophone wà ní àárín, níbi tí ohùn ènìyàn tó ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ máa ń wà, ibi tí kò sí ohùn lala kankan tí yóò mú kí pápá hó.

Lóòótọ́, àwọn onísoprano wà tí wọ́n ti fi ohùn òkè mú kí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn dìde lórí ìjókòó. Ariwo náà ni à ń rántí. Bí a bá ní kí ẹni tó wà níbẹ̀ fi ẹnu fọn ohun tó gbọ́ fún wa, á gbé ohùn tó kẹ́yìn nìkan, èyí tó ga jù. Ohun tí àwọn ènìyàn ń fi ẹnu kọ látinú mellophone Ott tàbí ti Maroney ni gbólóhùn, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, pẹ̀lú ibi tó ti mí. Orin jáàsì ni Blue Devils ń lò, orin Bernstein sì ni Garfield fọn ní 1984, West Side Story. Orin méjèèjì ní ohun tí wọ́n lè fi ṣe fáàrí. Wọ́n fi sílẹ̀. Fèrè tí fáàfù rẹ̀ kò pé kọ́ wọn láti gba ibi tí ọ̀nà wà.

Mo mọ̀ pé àwọn olùkọ́ fèrè á takò mí níbí. Wọ́n á ní fèrè tí fáàfù rẹ̀ pé ń dún dọ́gba, pé ọmọ tó bá kọ́ tùm̀pẹ́tì B-flat nínú ẹgbẹ́ lè gbé e lọ sí yunifásítì, sí ọ̀kẹ́sítírà, sí ibi iṣẹ́, nígbà tí búgù G kò wúlò níbòmíràn. Wọ́n jàre lórí ọ̀rọ̀ ẹ̀kọ́, n kò sì ní gba ọjọ́ ọ̀la ọmọ ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ rẹ̀ nítorí ohun tó dùn mọ́ etí tèmi. Ọ̀rọ̀ makirofóònù ni mo fẹ́ dúró lé. Láti 2004 ni àjọ náà ti gba ẹ̀rọ agbóhùnsókè láàyè, fún àwọn onílù iwájú lákọ̀ọ́kọ́, nígbà tó yá àwọn tó ń dá fọn náà dúró níwájú rẹ̀. Àwọn afọnfèrè òde òní mọ iṣẹ́ ju àwọn ti àtijọ́ lọ. Ẹnikẹ́ni tó bá gbọ́ wọn kò lè jiyàn ìyẹn. Ṣùgbọ́n nígbà tí èémí ní láti rìn láti àárín pápá dé ìjókòó tó ga jù fúnra rẹ̀, ìrìn náà jẹ́ ara ohun tí à ń gbọ́. A gbọ́ agbára, a gbọ́ ibi tí agbára fẹ́ tán, a gbọ́ bí ó ṣe ná an. Ẹ̀rọ ti mú apá yẹn kúrò nínú ọ̀rọ̀ náà, ohun tó fi rọ́pò rẹ̀ kò sì tó.

Ẹlòmíràn á ní kí ni mo fẹ́ sọ nípa Louis Armstrong, tí fáàfù rẹ̀ pé, tí ẹnikẹ́ni kò sì lè gbàgbé rẹ̀. Armstrong jẹ́rìí fún mi ni. Ní oṣù kìíní ọdún 1913, wọ́n gbé e lọ sí ilé àtúnṣe ọmọdé Colored Waif's Home ní New Orleans nítorí pé ó yìnbọn sókè lálẹ́ ọdún tuntun. Peter Davis ló ń kọ́ àwọn ọmọ ibẹ̀ ní orin. Búgù ni ó gbé lé Armstrong lọ́wọ́ kó tó fún un ní cornet. Ẹ gbọ́ ìbẹ̀rẹ̀ West End Blues tó gbà sí rẹ́kọ́ọ̀dù ní 1928, níbi tó ti dá fọn kí ẹgbẹ́ tó wọlé: ohùn àkọ́kọ́ wọ̀nyẹn ń fò láti ibìkan dé ibòmíràn bí ìpè tó ń jí ènìyàn. Fáàfù wà lábẹ́ ìka rẹ̀, ṣùgbọ́n búgù ni ó fi ń ronú. Nígbà tó dé Nàìjíríà ní 1960, ọdún òmìnira, àwọn onítùm̀pẹ́tì Èkó ti gba irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ fúnra wọn.

Victor Olaiya ni mo ní lọ́kàn jù. Calabar ni wọ́n ti bí i ní 1930, àwọn òbí rẹ̀ jẹ́ ará Èkìtì, ó dá ẹgbẹ́ Cool Cats sílẹ̀ ní 1954, ó sì fọn níbi ijó òmìnira Nàìjíríà ní 1960. Ó kú ní oṣù kejì ọdún 2020. Fela Kuti kọjá lábẹ́ rẹ̀ kó tó lọ sí London. Tony Allen náà lùlù fún un. Tùm̀pẹ́tì Olaiya ní fáàfù mẹ́ta, ó sì mọ̀ ọ́n lò, ṣùgbọ́n gbólóhùn rẹ̀ kúrú, ó sábà ń wà níbi tí ọmọ kékeré lè fi ẹnu kọ ọ́, ó sì máa ń fi àyè sílẹ̀ lẹ́yìn gbólóhùn kọ̀ọ̀kan kí ègbè lè wọlé. Tunde Williams, tó fọn tùm̀pẹ́tì nínú Africa 70 ti Fela, gùn ju bẹ́ẹ̀ lọ, ó le ju bẹ́ẹ̀ lọ, síbẹ̀ ó máa ń padà sí ohùn mẹ́ta, mẹ́rin kan náà, kó máa yí wọn po títí wọn á fi di ọ̀rọ̀. Ẹni tó fi ara rẹ̀ sínú àhámọ́ báyìí láìjẹ́ pé òfin ìdíje mú un, ọ̀gá ni.

Ní Gold Coast àtijọ́, ọ̀rọ̀ náà tilẹ̀ lọ jìnnà jù bẹ́ẹ̀. Àwọn ọmọ ogun tó ti West Indies wá ní àwọn ọdún 1870 gbin báńdì idẹ sí Cape Coast, orin adaha sì hù jáde nínú rẹ̀. Àwọn abúlé tí owó wọn kò ká idẹ mú ìyanlẹ́sẹẹsẹ náà, wọ́n fi ohùn ẹnu àti ìlù rọ́pò fèrè, wọ́n pè é ní konkoma, ó sì dé ilẹ̀ Yorùbá. Fèrè kò sí mọ́ rárá níbẹ̀. Ẹni tó ń dá a wà.

Èyí gbé mi padà sí Towé, sí ohun kan tí àwọn ará Pobè àti Sakété mọ̀ kí Gẹ̀ẹ́sì tàbí Faransé tó gbé idẹ kankan dé. Gẹ̀lẹ̀dẹ́, tí àjọ UNESCO kéde ní 2001 gẹ́gẹ́ bí ọ̀kan lára àwọn ohun àjogúnbá àgbáyé, ní òru tó ṣáájú ijó ọ̀sán rẹ̀. Òru yẹn jẹ́ ti Ẹ̀fẹ̀. Ìlù á rọlẹ̀, Ẹ̀fẹ̀ á dá jáde sójú agbo, á júbà àwọn ìyá, á wá bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin nípa ohun tó ṣẹlẹ̀ nílùú láàárín ọdún. Òun ń lé, àwọn tó yí i ká ń gbè. Kò ní bébà lọ́wọ́. Adájọ́ rẹ̀ kò mú páálí àti bírò, ṣùgbọ́n àwọn ìyá tó jókòó níbẹ̀ le ju adájọ́ Amẹ́ríkà èyíkéyìí lọ, nítorí pé wọ́n mọ ìlú, wọ́n mọ èdè, wọ́n sì mọ ohun tí Ẹ̀fẹ̀ ọdún tó kọjá sọ. Bí ó bá ṣi ọ̀rọ̀ lò, kì í ṣe ìdámẹ́wàá máàkì ni yóò pàdánù.

Mo gbé Ẹ̀fẹ̀ kalẹ̀ nítorí pé ó dáhùn ìbéèrè tí mellophone Bonnie Ott gbé dìde. Bí Ẹ̀fẹ̀ bá ń kọrin, orin rẹ̀ kì í fò sókè sódò láti fi hàn pé ohùn rẹ̀ gbòòrò. Ohùn ọ̀rọ̀ ló ń tọ́ ọ sọ́nà. Orin gbọ́dọ̀ tẹ̀lé ibi tí ọ̀rọ̀ bá gbà, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ìtumọ̀ á dàrú. Àhámọ́ ni èyí náà. Síbẹ̀, nínú àhámọ́ yìí ni a ti ń mọ Ẹ̀fẹ̀ kan yàtọ̀ sí èkejì, tí orin ẹni tó ti kú ṣì wà lẹ́nu ọmọ-ọmọ àwọn tó gbè é. Ohun tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń wá lórí pápá bọ́ọ̀lù, tí wọ́n rí díẹ̀ nínú rẹ̀ ní àwọn ọdún tí fèrè wọn ṣì tálákà, ti wà lágbo Ẹ̀fẹ̀.

Kí ló wá kù fún fáńfáà, ìyẹn ẹgbẹ́ fèrè idẹ, ní Benin? Ó pọ̀. Fáńfáà wà níbi ìsìnkú, ó ń sin pósí láti ilé dé ibojì. Ó wà nínú ìjọ aláṣọ funfun, pàápàá Ìjọ Mímọ́ ti Kristi láti Ọ̀run Wá, tí Samuel Bilewu Oshoffa dá sílẹ̀ ní Àjàṣẹ́ ní 1947. Àwọn méjì tó ti gbé orúkọ Benin jáde ni Gangbé Brass Band, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1994, àti Eyo'nlé, tí àwọn ọmọ ilé Ahouandjinou wà nínú rẹ̀, tí wọ́n sì ti bá Les Ogres de Barback ti ilẹ̀ Faransé ṣeré pọ̀. Gangbé ń kọrin ní Fọ̀n, ní Gùn, ní Yorùbá. Rẹ́kọ́ọ̀dù wọn Whendo jáde ní 2004, Assiko ní 2008. Arnaud Robert ṣe fíìmù kan nípa ìrìn àjò wọn lọ sí Èkó, sí Shrine Femi Kuti, ó sì jáde ní 2015.

Ohun tó mú mi fẹ́ràn Gangbé ni pé agogo irin àti ìlù ló ń darí fèrè wọn. Bí tùm̀pẹ́tì kan bá dá jáde, agogo kì í dúró dè é. Ó gbọ́dọ̀ wá ibi tí àyè wà láàárín ìró irin méjì, kó gbé gbólóhùn rẹ̀ sí i. Báyìí ni wọ́n ṣe dá àhámọ́ tiwọn sílẹ̀. Orúkọ wọn sì wà lẹ́yìn rẹ́kọ́ọ̀dù, nítorí náà a lè sọ pé Athanase Dehoumon ló ń fọn, tàbí Eric Yovogan. Ti àwọn tó ń fọn níbi ìsìnkú ní Pobè àti Sakété kò rí bẹ́ẹ̀. Wọ́n á dá ẹsẹ orin ìjọ kan fọn lẹ́bàá ibojì, obìnrin á sunkún, ọkùnrin á ṣí fìlà, wọ́n á gba owó wọn, wọ́n á wọ mọ́tò lọ. Bí a bá béèrè lọ́sẹ̀ kejì ẹni tó fọn ún, "àwọn onífáńfáà ni" ni a ó gbọ́. Orúkọ ẹgbẹ́ ti bo orúkọ ènìyàn mọ́lẹ̀, èyí sì jẹ́ àdánù tó ń dùn mí gan-an, nítorí lára àwọn tí orúkọ wọn sọnù báyìí ni àwọn kan wà tó yẹ kí a máa dárúkọ pọ̀ mọ́ Olaiya.

Bí àwọn ẹgbẹ́ fáńfáà Pobè, Sakété àti Kétu bá fẹ́ díje lọ́jọ́ 1 oṣù kẹjọ, mo ní àbá kan fún àwọn tí yóò ṣètò rẹ̀. Kí wọ́n yọ ìṣẹ́jú kan sọ́tọ̀ nínú eré ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan, kí ẹnì kan dá jáde pẹ̀lú clairon tí kò ní fáàfù, láìsí makirofóònù. Kó fi ohùn márùn-ún náà fọn gbólóhùn kan látinú oríkì ìlú rẹ̀, èyí tó ti kọ sínú bébà fún adájọ́ nìkan. Kí wọ́n pe àgbàlagbà mẹ́ta jáde láti àárín èrò, kí olúkúlùkù wọn sọ ohun tó gbọ́ sí adájọ́ létí, lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ bá jáde lẹ́nu àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bí ó ṣe kọ ọ́ sínú bébà, kí wọ́n fún un ní máàkì tó pọ̀ jù, ì báà jẹ́ pé ètè rẹ̀ já lẹ́ẹ̀kan tàbí lẹ́ẹ̀mejì. Kí ẹnì kan fi fóònù gba ohùn náà sílẹ̀, kí wọ́n sì kọ orúkọ afọnfèrè náà sínú àkọsílẹ̀ kọ́múùnù, orúkọ rẹ̀ gan-an, ṣáájú orúkọ ẹgbẹ́.